Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Á Sanwó Fún Ẹni Tí Kò Gé Igi?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lóṣù yìí lè kọ́kọ́ dà bí ẹ̀fẹ̀ létí yín. Bí aládùúgbò ẹni kò bá sọ iná sí ilé ẹni, ṣé a máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lárààárọ̀ ni? Bí ó bá wá kan ilẹ̀kùn lópin ọdún, tó ní, “Ẹ kú ọdún o, mo wá gba owó mi, nítorí pé n kò jó ilé yín láti èṣí,” kí ni a ó sọ fún un? Ó dájú pé a ó ní orí rẹ̀ kò pé, tàbí kí a pè é ní jàǹdùkú. Ìdí ni pé ẹni tí kò ṣe ibi kò tíì ṣe oore. Ohun tó yẹ kó ṣe náà ló ṣe.

Síbẹ̀, orílẹ̀-èdè kan wà láyé tó ti ń sanwó fún àwọn onílẹ̀ rẹ̀ láti ọdún 1997, kí igbó orí ilẹ̀ wọn lè wà ní ìdúró. Costa Rica ni orúkọ rẹ̀. Aráyé sì ń yìn ín gidigidi, débi pé wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Earthshot ní ọdún 2021 nítorí iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè wa ni pé: irú owó wo ni owó náà? Ṣé owó iṣẹ́ ni, ṣé ẹ̀bùn ni, àbí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí a fi ń bẹ ẹni tó fẹ́ ṣe ìbàjẹ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti Costa Rica nìkan. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ yóò mọ bí ó ṣe yẹ kí a máa ronú nípa gbogbo ohun tó jẹ́ ti ẹnìkan nínú ìwé, ṣùgbọ́n tí àǹfààní rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Costa Rica kò tóbi. Ó wà ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, Nikarágúà wà ní àríwá rẹ̀, Panama sì wà ní gúúsù. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 51,100 kìlómítà onígun mẹ́rin, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tó bíi mílíọ̀nù 5. Òun ni orílẹ̀-èdè tó tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ ká ní ọdún 1948, tí kò sì tíì dá òmíràn sílẹ̀ di òní. Bí ó ti kéré tó yìí, àwọn onímọ̀ ṣírò pé nínú ogún oríṣi ẹ̀dá abẹ̀mí tó wà láyé, bí ọ̀kan ni a lè rí níbẹ̀. Oríṣi ẹyẹ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900.

Ní nǹkan bí ọdún 1940 sí 1950, igbó bo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà. Nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 1980 sí 1990, èyí tó kù kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Láàárín ìgbésí ayé ẹnìkan ṣoṣo, ohun tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kó tó dàgbà ti di pápá màlúù.

Ta ló ṣe é? Ẹ má ṣe yára dáhùn pé àwọn ènìyàn búburú ni. Òfin ilẹ̀ náà nígbà yẹn kà á sí pé ẹni tó bá gé igbó kúrò lórí ilẹ̀ ti mú ilẹ̀ náà sunwọ̀n, èyí sì ń mú kí ó rọrùn fún un láti gba ìwé lé e lórí. Igbó tó dúró ni òfin kà sí ilẹ̀ tí a kò lò. Àwọn báǹkì ń yá àwọn olówó màlúù lówó, nítorí pé ẹran màlúù ń tà gan-an ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1980. Tálákà tó fẹ́ ilẹ̀ tí yóò fi bọ́ ọmọ gbé àáké, olówó tó fẹ́ èrè gbé ẹ̀rọ agégi, ìjọba sì ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì. Báyìí ni ohun tí à ń pè ní ìbàjẹ́ lónìí ṣe jẹ́ ohun tí à ń pè ní ìdàgbàsókè lánàá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí i.

Nígbà tó yá, nǹkan yí padà. Láti nǹkan bí ọdún 1970 ni wọ́n ti ń ya àwọn igbó kan sọ́tọ̀ fún ààbò. Ọ̀kan tó lókìkí nínú wọn ni Corcovado, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1975. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, owó ẹran já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ pápá sì di àpatì, igbó bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà lórí wọn. Ní ọdún 1996, ìjọba ṣe òfin tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 7575. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ igbó di oko tàbí pápá mọ́. Lẹ́yìn èyí, ó ka iṣẹ́ mẹ́rin tí igbó ń ṣe fún ará ìlú: ó ń fa èéfín tó ń mú ayé gbóná mọ́ra, ó ń dáàbò bo omi, ó ń gba ẹ̀dá oníyè sílé, ó sì ń fún ojú ní ẹwà. Ó wá ní kí á máa san owó fún onílẹ̀ nítorí iṣẹ́ mẹ́rin wọ̀nyí. Apá kan lára owó náà ń wá láti inú owó orí tí gbogbo ẹni tó bá ra epo ọkọ̀ ń san. Lónìí, igbó ti padà bo ju ìdajì ilẹ̀ Costa Rica lọ.

OHUN TÍ IGBÓ Ń ṢE TÍ A KÒ RÍ

Kí a tó lè dájọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sanwó fún. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde lórí oko kọfí ńlá kan ní Costa Rica. Wọ́n rí i pé igi kọfí tó wà ní nǹkan bí kìlómítà kan sí etí igbó ń so ju èyí tó jìnnà lọ ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ló fà á? Oyin tó ń gbé inú igbó ni ó ń jáde wá sórí òdòdó kọfí. Igbó méjì péré tó wà nítòsí oko náà ń mú nǹkan bí 60,000 dọ́là wọlé fún oko yìí lọ́dún kan. Bẹ́ẹ̀, oyin kì í fi ìwé owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún wo igi kan tí wọ́n ń pè ní almendro ní àríwá ilẹ̀ náà. Igi ńlá ni, ó sì le bí irin. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ìbátan odídẹrẹ́, aláwọ̀ ewé, tó tóbi gan-an. Inú ihò igi yìí ló sábà máa ń pamọ sí, èso rẹ̀ ló sì fẹ́ràn jù láti jẹ. Ẹranko kékeré kan tó jọ ọ̀yà náà a máa kó èso almendro tó bá jábọ́, a sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ de ọjọ́ ebi. Èyí tí kò bá padà wá wú ni yóò hù, tí yóò di igi tuntun. Bí ẹ bá gé igi náà, ẹyẹ kò ní ilé. Bí ọdẹ bá pa gbogbo ẹranko kékeré náà tán, igi kò ní ẹni tí yóò gbin ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, igbó kì í ṣe òkìtì igi lásán. Ó dà bí ẹbí tí ẹnìkan kò mọ gbogbo ohun tí ẹnìkejì ń ṣe fún un.

Ohun tí èyí fi hàn wá ni pé àǹfààní igbó kì í dúró sí ààlà ilẹ̀ ẹni tó ni ín. Omi ń ṣàn jáde, oyin ń fò jáde, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n ìnira dídá igbó sí, orí onílẹ̀ nìkan ló wà. Òun nìkan ni kò rí ibi da màlúù, òun nìkan ni kò rí ibi gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó tà. Ibí yìí gan-an ni ìjà wà.

ÀWỌN TÓ NÍ KÒ TỌ́

Àwọn kan ní kò tọ́ rárá láti sanwó báyìí, ọ̀rọ̀ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń sọ.

Èkíní, wọ́n ní ẹni tó bá gbowó kí ó má baà ṣe ibi ti sọ ibi náà di ọjà. Lónìí ó ń gba iye kan. Lọ́la, bí ẹlòmíràn bá mú owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wá kí ó lè gé igbó náà, kí ni yóò dá a dúró?

Èkejì, wọ́n ní owó a máa ba àníyàn jẹ́. Àgbẹ̀ kan lè ti máa dá igbó bàbá rẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ nítorí pé ojú ń tì í láti pa á run, tàbí nítorí pé ó mọ̀ pé Ọlọ́hun ló ni ín. Bí a bá ti kó owó lé e lọ́wọ́, ó lè gbàgbé ìtìjú yẹn, kó máa wo iye owó nìkan. Lọ́jọ́ tí owó bá tán, kò ní sí ìtìjú, kò sì ní sí owó.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní owó náà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní gé igi tẹ́lẹ̀. Òótọ́ sì ni èyí. Àwọn olùwádìí tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò rí i pé ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n san owó lé lórí ni kò sí ẹni tí ì bá gé igbó rẹ̀, bóyá nítorí pé orí òkè gàgàrà ló wà tàbí pé ilẹ̀ náà kò dára fún oko. Igbó sì ti ń padà bọ̀ kí owó yìí tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé owó ẹran já wálẹ̀. Ẹni tó bá ní owó nìkan ló dá igbó Costa Rica padà kò sọ òtítọ́ tán.

ÀWỌN TÓ NÍ Ó TỌ́

Àwọn ẹlòmíràn ní ó tọ́, àwọn náà sì ní ẹ̀rí. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó jókòó sí San José tó jẹ́ olú-ìlú, tó ń mu omi ẹ̀rọ, tó ń wa ọkọ̀, kò lè máa pàṣẹ fún àgbẹ̀ orí òkè pé kó máa ṣọ́ igbó tí omi náà ti ń wá, kí òun má sì fi nǹkan kan ràn án lọ́wọ́. Bí gbogbo wa bá ń jẹ nínú àwo kan, kò dára kí ẹnìkan ṣoṣo máa se é, kó tún máa ra igi ìdáná.

Wọ́n tún ní ẹ rántí ẹni tó kọ́kọ́ ní kí wọ́n gé igbó náà. Ìjọba tó ní gígé igbó ni ìlọsíwájú, tó fi ìwé ilẹ̀ san ẹ̀san fún agégi, kò lè jí lọ́jọ́ kan kó sọ pé ọ̀daràn ni gbogbo wọn. Bí òfin bá yí padà, ẹni tó gbẹ́kẹ̀lé òfin àtijọ́ yẹ ní ìrànlọ́wọ́ láti yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

ÈRÒ TIWA

Ní èrò tiwa, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń jiyàn nítorí pé wọ́n pe nǹkan méjì ní orúkọ kan. Ẹ jẹ́ kí a wo ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Gbogbo ilé ló ń dá owó fún un lóṣooṣù. Ṣé nítorí kí ọdẹ náà má baà jalè ni a fi ń sanwó? Rárá o. Olè jíjà ti jẹ́ èèwọ̀ fún un bí ó ti jẹ́ èèwọ̀ fún wa. Ohun tí à ń sanwó fún ni oorun tí kò sùn, òjò tó pa á, àti ewu tó fi ara wé. Ẹ tún wo àáfà ilé-kéwú wa. Àwọn òbí ń fi owó àlàrùbá rán ọmọ sí i, kò sì sí ẹni tó sọ pé láádá iṣẹ́ rẹ̀ ti bà jẹ́ nítorí pé ó gba owó tí yóò fi ra oúnjẹ. Owó gbé ìnira iṣẹ́ náà. Kì í ṣe òun ni ìdí iṣẹ́ náà.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ wà láàárín owó iṣẹ́ àti àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí a bá sọ fún onílẹ̀ pé, “O lẹ́tọ̀ọ́ láti pa igbó yìí run, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, gba owó yìí kí o má ṣe é,” àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé, “Kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pa á run, àmọ́ iwọ ni ìnira ìṣọ́ rẹ̀ já lé léjìká, nítorí náà gbogbo wa ni yóò bá ọ gbé e,” owó iṣẹ́ ni. Igbó náà ń fẹ́ iṣẹ́ lóòótọ́: ẹni tí yóò la ọ̀nà ìdènà iná, tí yóò lé ọdẹ àìgbàṣẹ, tí yóò lé màlúù tó bá ya wọlé. Ohun tí Costa Rica ṣe dáadáa ni pé òfin rẹ̀ kọ́kọ́ sọ pé èèwọ̀ ni, kí ó tó sọ iye tí yóò san. Bí wọ́n bá ti fi owó ṣáájú, tí kò sí òfin, ọ̀rọ̀ aládùúgbò tó wá gba owó iná ni ì bá dà.

Ṣùgbọ́n bí a bá gbà pé ìdájọ́ òdodo ni owó náà, a gbọ́dọ̀ bèèrè ohun tí òdodo máa ń bèèrè: ta ló ń gbà á, ta ló sì ń san án? Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò bá ní ìwé ilẹ̀ kò lè gbà á. Nítorí náà, onílẹ̀ ńlá tó ní lọ́yà rí gbà, tálákà tó ti ń gbé etí igbó láti ayé bàbá rẹ̀ kò rí. Nígbà tó yá ni wọ́n tún ìlànà náà ṣe kí ó lè kan àwọn tí ilẹ̀ wọn kéré àti àwọn ọmọ onílẹ̀ àtijọ́. Owó náà kò tilẹ̀ pọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2010, hẹ́kítà igbó kan ń mú bíi 64 dọ́là wá lọ́dún. Iye yìí tó fún ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, ṣùgbọ́n kò tó láti bá oko ọ̀pẹ̀ òyìnbó du ilẹ̀ rere. Ní ti ẹni tó ń san án, ó dára pé ẹni tó ń ra epo ọkọ̀ ni, nítorí èéfín ọkọ̀ rẹ̀ ni igbó ń fà mọ́ra. Àwọn tó jẹ ẹran màlúù náà ní òkèèrè ńkọ́? Àwọn náà jẹ nínú àsè. Ó yẹ kí wọ́n bá wọn fọ abọ́.

OHUN TÍ OWÓ KÒ LÈ RÀ

Ó ku ibì kan tí owó kò lè dé. Ní etíkun Pàsífíìkì Costa Rica, ní agbègbè Quepos, oko ọ̀pẹ lọ salalu. Ọ̀pẹ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí ni ìpilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àrùn ba oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àwọn òyìnbó jẹ́ ní agbègbè náà ni wọ́n gbin ọ̀pẹ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó láti inú bàálù yóò ní igbó ni. Ṣùgbọ́n odídẹrẹ́ aláwọ̀ ewé kò lè pamọ síbẹ̀, ẹranko tó jọ ọ̀yà kò sì ní rí èso almendro rì mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. A lè fi kún un pé irú igi kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ tó mílíọ̀nù kan, kò lè dá igbó ṣe.

Èyí tó tún kó ìrònú bá ni jù ni ti ọ̀pọ̀lọ́ kan. Ní orí òkè Monteverde, ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí akọ rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí wúrà, tí kò sí ní ibòmíràn láyé. Ní ọdún 1987, àwọn tó ń ṣọ́ wọn rí ju 1,500 lọ. Ní ọdún 1989, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún rí i mọ́, wọ́n sì kéde ní ọdún 2004 pé ó ti tán láyé. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó gé igbó rẹ̀! Inú igbó tí wọ́n ti ń dáàbò bò ló wà. Àrùn tó ń pa àwọn ọ̀pọ̀lọ́ káàkiri ayé àti ojú ọjọ́ tó yí padà ni àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ọ̀pọ̀lọ́ yẹn kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ́ omi, kò bá ẹnikẹ́ni mú kọfí so. Ṣé àdánù kan wà nínú lílọ rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tí ẹ̀dá ń ṣe fún wa nìkan ni iyì rẹ̀, a jẹ́ pé kò sí àdánù kankan. Ṣùgbọ́n ọkàn wa kò gba bẹ́ẹ̀. Ọkàn wa mọ̀ pé ohun tí a kò dá, tí a kò sì lè dá padà, kì í ṣe tiwa láti parẹ́. Ìfọkàntán ló jẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹni tí wọ́n fi ẹrù pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ kì í bèèrè pé, “Èrè wo ni ẹrù yìí ń ṣe fún mi?” Ohun tó máa ń bi ara rẹ̀ ni pé, “Ǹjẹ́ yóò pé lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín bá dé?”

Ìdáhùn wa nìyí: ó yẹ kí á sanwó fún ẹni tó ń ṣọ́ igbó, nítorí pé kò tọ́ kí ẹnìkan nìkan ru ẹrù gbogbo wa. Kò yẹ kí á sanwó fún ẹnikẹ́ni bí ẹni pé owó ni ìdí tí igbó fi yẹ ní dídá sí. Kí owó jẹ́ oúnjẹ olùṣọ́. Kí ó má ṣe di iye tí a dá lé ohun tó ń ṣọ́.

Àwọn tó gbé ilẹ̀ ẹbí dání nínú wa, àwọn tí yóò di lọ́yà, àwọn tí yóò di aṣòfin lọ́la, ẹ má ṣe dúró kí ilẹ̀ di àṣálẹ̀ kí ẹ tó bèèrè ìbéèrè yìí. Kí òfin kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́ èèwọ̀; kí gbogbo ẹni tó ń jẹ àǹfààní dá owó; kí tálákà tí kò ní ìwé má baà jẹ́ ẹni ìgbàgbé; kí a sì ronú nípa ẹ̀dá tí kò lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Àwọn baba wa ló ní bí a bá ń gé igi nígbó, kí a máa fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò.